Irin Tí A Gé Ìrù Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré dé ibi tí wọ́n fi ń rán mi lọ fọnná ní àgbẹ̀dẹ bàbá mi, ìṣáná kò wọ́pọ̀ nínú ilé bí ó ṣe wọ́pọ̀ lónìí. Ó wà lọ́jà o, kí ẹ má rò pé ayé Nóà ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n ta ni í ra ìṣáná nígbà tí alágbẹ̀dẹ wà nínú agbo ilé? Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni mo máa ń gbé àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, lọ bá bàbá mi. Á fi ẹ̀mú ṣa ẹyin iná sínú rẹ̀ fún mi, n ó sì máa pín in kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní iṣẹ́ ìyà ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyà rárá. Ẹni tó bá ń gbé iná kiri ilé láàárọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ilé tí kì í gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ etí tí mo ní yìí, àti ẹnu náà.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ. Bàbá mi ń kírun, ó ń gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ògún ló fi ń bọ́ wa. Ìyá tó bí i, ìyá àgbà wa, kò kírun rí. Ògún ló ń bọ, ojúbọ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá àgbẹ̀dẹ gan-an, níbi tí bàbá mi ti ń rí i lójoojúmọ́. Wọn kì í jà. Bí ọdún Iléyá bá dé, ìyá àgbà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹran tòun wà. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀ nínú agbo ilé náà: irin tuntun kankan kò gbọdọ̀ kan iná kí ó tó kan epo. Ìbáà ṣe ọkọ́, ìbáà ṣe àdá, ẹ gbé e wá kí ó ta epo pupa sí i lórí níwájú Ògún, kí ó sì sọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí i. Bàbá mi kì í bá a jiyàn. Á dúró síbẹ̀, á máa wo òkè, títí tí ìyá rẹ̀ á fi ṣe tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí. Òun ló yẹ kó jókòó ti owú lẹ́yìn bàbá wa, ṣùgbọ́n rédíò ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ti ja ogun Bọ́mà, tó sì ti kọ́ títún ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ ṣe lójú ogun níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà dé, ohun tó mú bọ̀ kò ju ìtúdè kan tí wọ́n fi ń tú ìdè irin, ẹ̀mú kékeré kan, àti ìdì òjé tín-ín-rín kan tó ká jọ bí okùn. Bàbá mi gba ẹ̀mú náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ṣé èyí tí wọ́n fi ń fa irun imú nìyí. Lẹ́yìn náà ló yí padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún ara wọn mọ́. Wọn á sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọn á sọ̀rọ̀ òjò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọn kò jẹ́ dé ibẹ̀.

Ní ojúlé tó kọjú sí tiwa ni ìyá kan ń gbé tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Iléṣà ló ti wá. Òṣómàáló ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú. Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé tí ẹni tó ra aṣọ kò bá san, wọn á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọn kì í jà, wọn kì í bú èèyàn. Wọn á kàn lóṣòó síbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí wọn, títí ojú á fi ti onílé. Òṣogbo ni ọkọ náà kú sí, ìyá yìí kò sì padà sílé. Obì àti orógbó ló ń tà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ọmọ náà sì wà ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń ka ìròyìn Yorùbá nínú rédíò.

Ọmọ yìí ló ra rédíò oníbátìrì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pe rédíò nígbà náà, nítorí pé á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò ní gba èsì. Ìyá Ìjẹ̀ṣà kò gba ìyẹn. Bí ohùn ọmọ rẹ̀ bá ti jáde ní ìrọ̀lẹ́, tó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé,” ìyá á gbé ọwọ́ lé àpótí náà lórí, á ní, “Kú urọ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọmọ Ọwá, ṣé o ti jẹun?” Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, látorí bàbá ńlá rẹ̀ wá sórí rẹ̀, ìròyìn tí gbogbo àdúgbò kóra jọ wá gbọ́, a kò ní gbọ́ ìdajì. Inú máa ń bí àwọn àgbà ọkùnrin. Bàbá mi ní igi ni ìyá náà ń bá sọ̀rọ̀, pé òun ní tòun, òun kò lè kí pákó láéláé.

Nígbà ọyẹ́ kan ni Ìyá Ìjẹ̀ṣà ń nu eruku lára rédíò náà. Ó gbé e yí, ó tún gbé e yí, ni nǹkan bá já nínú rẹ̀. Rédíò dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó kàn dákẹ́ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tó gbẹ̀yìn tí a gbọ́, ọmọ náà wúkọ́. Ó wúkọ́, ó dúró, ó tún wúkọ́, ó wá tọrọ àforíjì kó tó máa kà á lọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ, a sì gbàgbé. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé. Rédíò mìíràn wà nílùú, ṣùgbọ́n ilé àwọn ọlọ́lá ni. Ó lọ sí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ní kó jókòó síta, ó sì jókòó síta. Ẹlòmíràn ló ka ìròyìn lọ́jọ́ náà. Ìyá Ìjẹ̀ṣà kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá, ọmọ òun kò fọhùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tú ẹ̀yìn rédíò náà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé wáyà kan ló já kúrò ní ìdí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ so ó pọ̀, rédíò náà hó ṣìì, ó sì tún dákẹ́. Ó ní kì í ṣe ohun tí a ń so bí ewúrẹ́, pé ẹ̀kán òjé kan ṣoṣo ni yóò dì í mú. Òjé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń jó òjé náà ni kò sí, torí pé irin ọ̀gá rẹ̀ ló ń lò níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ta ni yóò sì gbé irin ọ̀gá bọ̀ wálé?

Àwọn onípáànù, àwọn tó ń jó ìdí garawa àti ìdí àtùpà, wọ́n ní irin tiwọn. Orí rẹ̀ tóbi tó ọmọ owú. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ní ṣé irin kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní irin ni, ṣùgbọ́n bí òun bá ki irú èyí bọ inú rédíò, á yọ́ wáyà mẹ́wàá níbi tí a ti fẹ́ di ẹyọ kan. Ó ní a kì í fi àdá yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ó wá irin kékeré kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù Òṣogbo, kò rí. Ìyá Ìjẹ̀ṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé kò ní í rí i ní Òṣogbo, pé kò sí ohun tí èèyàn lè wá tì ní Iléṣà. Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń sọ̀rọ̀ ìlú wọn nìyẹn, kò tíì yí padà.

Báyìí ni àwa mẹ́ta ṣe wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí Iléṣà. Èmi ni mo ń ru igbá obì tí ìyá fẹ́ tà lójú ọ̀nà. A wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni Kòráà kan, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò aláwọ̀ funfun wọ̀nyẹn tó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Yorùbá lọ. Ó gbé irin mẹ́ta kalẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́ jọ ti onípáànù, a kò tilẹ̀ wò ó. Ìkejì jẹ́ àlòkù, ó kéré, igi ni èèkù rẹ̀, bàbà sì ni orí rẹ̀, inú iná èédú ni wọ́n ti ń mú un gbóná. Ojú ẹ̀gbọ́n mi dúró sórí rẹ̀. Ó mú un, ó fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀, ó yí orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá ti rí ohun tó fẹ́, á fún ètè pọ̀. Ìkẹta wà nínú àpótí onígíláàsì. Èèkù rẹ̀ dúdú, ó ń dán, okùn pupa gígùn kan sì jáde láti ìdí rẹ̀ bí ìrù. Iná mànàmáná ló ń jẹ. Nígbà náà, iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Yèyé, àlòkù yìí gan-an ló yẹ wá. Owó wa ká a.”

Ìyá Ìjẹ̀ṣà wò ó bí ẹni tó bú u. Ó ní, “Àlòkù urin ni o fẹ́ kì bọ ọ̀fun ọmọ mi?”

Ó ní kí Kòráà mú ti inú gíláàsì jáde. Kòráà dá iye lé e. Ẹnu wa kò gbà á, ká má tíì sọ owó. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì lóṣòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fojú inú wò ó. Ọjọ́ ọjà ni. Gbogbo Iléṣà ló mọ ohun tí òṣó túmọ̀ sí. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń dúró, tí wọ́n ń wo ìyá náà, tí wọ́n sì ń wo Kòráà. Ọ̀kan ní, ẹ ò rí ayé, òyìnbó náà ń jẹ gbèsè. Kòráà sáré jáde, ó ní, “Yèyé, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, n kò jẹ yín ní gbèsè kankan!” Ìyá ní òun mọ̀, kí ó má ṣèyọnu, òun kàn ń sinmi ni. Ó bu orógbó jẹ. Àwọn oníbàárà méjì tó fẹ́ wọlé yẹra. Ìgbà tí oòrùn fi dé òkè òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, Kòráà ti gbé irin inú gíláàsì wá bá a níbi tó wà, ní iye tí a mú wá gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn hó yèè. Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó fi òṣó ra ọjà rí, yàtọ̀ sí ìyá náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi dúró bí òpó. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lọ́fun rẹ̀, mo rí i bó ṣe gbé e mì. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé lójú àlejò ni ọmọ kékeré yóò ti sọ fún ìyá àgbàlagbà, ní ìlú tí wọ́n bí i sí, níṣojú àwọn èèyàn tó ń hó fún un, pé ohun tó fi òṣó gbà kò wúlò? Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àlòkù tó dára wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń wò wá, a sì jáde fi í sílẹ̀. Ìyá béèrè lọ́wọ́ Kòráà pé kí ni ìrù náà wà fún. Kòráà, tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ní ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ìyá ní ó dára, òun ti mọ̀ pé wọ́n fi ń kọ́ ọ sára ògiri ni.

Èmi ni kò lè dákẹ́. Nínú ọkọ̀, mo ní níbo la ó ti rí iná tí yóò jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi já mi léèékánná nítan. Ìyá ní, “Iná? Ìwọ tí o ń gbé iná kiri láàárọ̀, o ń bèèrè iná?” Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Òṣogbo.

Ìgbà tí a délé ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé iná mànàmáná ni irin náà ń jẹ, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti wá wo irin náà tán, tí wọ́n sì ti yìn ín. Kò bínú. Ó ní ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè fi èédú bọ́ ọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní èèkù rẹ̀ á yọ́. Ó ní kí òun padà lọ bẹ Kòráà kó fi àlòkù yẹn pààrọ̀. Ìyá ní rárá, ẹni tó lóṣòó gba ọjà kì í padà lọ dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé rédíò lọ síbi tí iná wà, lágbègbè réluwéè. Ìyá ní a kì í gbé aláìsàn kiri ìlú. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó síwájú rédíò tó dákẹ́ náà ní àkókò ìròyìn. Á gbé ọwọ́ lé e lórí. Á kí i. Á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á sì dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Àwa ọmọdé tí a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ń sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, nítorí pé ọmọ tí àánú tètè máa ń ṣe kọ́ ni mo jẹ́.

Ọjọ́ wá kan tí mo gbé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, tó ní òun kò gbà. Mo ní, “Mà, iná nìyí o.” Ó ní, “Gbé e lọ, ọmọ mi. N kò dáná lónìí.” Ààrò rẹ̀ tutù. Nílé tiwa, ẹni tí kò bá gba iná ní àárọ̀, ó ní láti jẹ́ pé ó ń rìnrìn àjò, tàbí pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá Ìjẹ̀ṣà kò sì palẹ̀ mọ́ fún ìrìn àjò kankan.

Mo gbé àpáàdì padà fún bàbá mi pẹ̀lú ẹyin iná nínú rẹ̀. Ó wò ó, ó ní ta ni kò gbà. Mo sọ fún un. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi kì í gbé òòlù sílẹ̀ nígbà tí irin bá wà nínú iná, ṣùgbọ́n ó gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì kọjá sí òdìkejì. Ó kí Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí òun rí irin Iléṣà náà.

Ó yí i lọ́wọ́ títí. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lódindi. Ó ní, “Èwo nínú gbogbo èyí ló ń ṣiṣẹ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹnu rẹ̀ yìí ni, bàbá. Òun ló ń yọ́ òjé.”

“Ìyókù ńkọ́?”

“Ìyókù ń mú ẹnu náà gbóná ni.”

Bàbá mi mi orí. Ó ní, “Mímú nǹkan gbóná. Ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn.”

Ó ku ẹnìkan tí yóò sọ̀rọ̀. Irin náà kì í ṣe tiwa, ti Ìyá Ìjẹ̀ṣà ni, òun ló lóṣòó nítorí rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti fọ́ ọ láti yọ ẹnu rẹ̀ lò, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ohun tó ṣeyebíye kọ́ ló gbé bọ̀. Ó wo irin náà pẹ́. Ó wo rédíò. Ó wá ní, “Ìrù ẹ̀ ni ò jẹ́ ó ṣiṣẹ́. Ẹ gé e dànù.” Bàbá mi dá a lóhùn, láìrẹ́rìn-ín, pé bí òun náà ṣe rò ó nìyẹn.

Wọ́n gé ìrù. Wọ́n tú ìdè irin kékeré kan, wọ́n fa ẹnu bàbà náà yọ bí ẹni fa eyín. Bàbá mi wá bèèrè ohun tí kò bèèrè rí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ bí ọ̀pá tí òun yóò fi irin àtijọ́ rọ sí i ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ yóò ti dì í mú. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń kólòlò. Nígbà tó yá, ó ń tọ́ka, ó ń ní kí bàbá tún un lù díẹ̀ sí i, kí ó dín in kù níbí. Bàbá mi ń ṣe é. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, mo ń wò wọ́n. Bí mo bá gbọ́ ariwo òòlù títí dòní, ọjọ́ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

A ti ṣe tán. A ti fẹ́ ki irin tuntun náà bọ iná. Ìyá àgbà wá yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìgò epo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ẹnu irin tí wọ́n fi ń jó òjé gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, pé ìdọ̀tí kékeré lásán kò ní jẹ́ kí òjé dì mọ́ ọn. Ìyá àgbà sì rèé, ó fẹ́ ta epo pupa sí ẹnu irin kan ṣoṣo tí a ní. Ẹ̀gbọ́n mi wo bàbá wa. Bàbá wa ń wo òkè. Ẹ̀gbọ́n mi pa ẹnu dé. Ìyá àgbà ta epo. Ó ní, “Ògún, èyí náà irin rẹ ni, bó tilẹ̀ kéré. Jẹ́ kí ọmọ ìyá yìí fọhùn.” Ó lọ.

Mo gbé ẹyin iná sínú àpáàdì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì ki irin náà bọ̀ ọ́. Epo jó, ó rú èéfín, ó ta sí wa nímú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yọ ọ́, tó fi kan òjé, òjé náà yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ràn mọ́ ẹnu irin, ó ń dán bí omi. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ó ní ti ọ̀gá òun kò mú un tó báyìí. Bóyá epo ni, bóyá Ògún ni, ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà títí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò jó òjé kan rí láìkọ́kọ́ fi ẹnu irin tọ́ epo. Ìdákẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà kó wa sí wàhálà, ìdákẹ́ rẹ̀ nílé sì yọ wá. Ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, kó wá kọ́ mi.

Ó fi kan wáyà náà, ó sì ti parí. Ohun tí a ti ń lé kiri kò gba àkókò tí èèyàn fi ń sín.

Wọ́n so bátìrì mọ́ ọn ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí bàbá mi kírun tán. Àdúgbò ti pé. Rédíò náà hó, ó pariwo díẹ̀, orin kan kọjá. Orin náà tán. Ohùn jáde, ó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.”

Ọmọ rẹ̀ ni. Gbogbo wa yí ojú sí Ìyá Ìjẹ̀ṣà, a ń retí oríkì. Ó gbé ọwọ́ lé rédíò náà lórí, ó la ẹnu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ìròyìn sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi tó dúró lẹ́yìn gbogbo wa, bàbá mi tó ní òun kò lè kí pákó láéláé, súnmọ́ iwájú, ó tẹ̀ síhà rédíò náà, ó ní, “Kú ìrọ̀lẹ́ o, ọmọ. Yèyé rẹ ń gbọ́ ọ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọmọ náà wálé lópin ọdún, ó sọ pé òtútù ló mú òun nígbà náà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ bi í níwájú wa pé ṣé ó máa ń gbọ́ òun bí òun bá dá a lóhùn. Ọmọ náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Mo ń gbọ́ yín, Yèyé. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́.” Ìyá ní òun mọ̀.

Gbogbo wọn ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi lo irin náà títí iná fi dé, ó sì tún ń lò ó lẹ́yìn tí iná dé, nítorí pé iná Nàìjíríà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, nínú àpótí, mo ń fi epo pa á lára kó má baà dípẹtà. Lónìí, àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Òkè Baálẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní irin oníná tirẹ̀, kò wọ́n, èèyàn lè ra méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìrù ni gbogbo wọn ní. Bí iná bá lọ, wọn á jókòó, wọn á máa wo ìrù náà. Bí fóònù bá sì bàjẹ́ díẹ̀, wọn á ní, “Mama, ẹ kúkú ra tuntun.” N kò bá wọn jà, ayé tiwọn nìyẹn, ó sì ní ìrọ̀rùn tó pọ̀ ju tiwa lọ. Kò sọ́mọ tó ń gbé iná kiri ojúlé mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń mọ ẹni tí ààrò rẹ̀ tutù.

Ọmọ tèmi wà lókè òkun. Kì í sábà ráyè pè. Ó máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, á fi ránṣẹ́, tí mo bá jí, n ó tẹ̀ ẹ́, yóò sì sọ̀rọ̀: “Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ara yín le?” Mo máa ń gbé ọwọ́ lé fóònù náà, n ó ní ara mi le, n ó ní ṣé o ti jẹun, n ó sì kì í díẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mama, wọn kò lè gbọ́ yín o, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lásán ni.”

Mo mọ̀. Ìyá Ìjẹ̀ṣà náà mọ̀.